Adágún Tanganyika: omi ń kún, ẹja ń dín. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ omi?

Láti ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ìjọba Tànsáníà ní kí àwọn apẹja Adágún Tanganyika kó àwọ̀n wọn sílé. Lásìkò kan náà, omi adágún yìí ti kún wọ àdúgbò àwọn èèyàn ní Bujumbura ní Bùrúńdì, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò ní Gatumba. Ìròyìn méjèèjì pàdé lórí ayélujára, ọ̀rọ̀ wá di rúdurùdu. Àwọn kan ní àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ló kó ẹja tán. Àwọn kan ní ooru tó ń mú ayé ni. Àwọn mìíràn kò tiẹ̀ rí ọ̀nà gbà lóye rẹ̀: ṣebí inú omi ni ẹja ń gbé, báwo ni omi á ṣe máa pọ̀ tí ẹja á máa dín?

Ojú omi kọ́ ni ìdáhùn wà. Ó wà ní nǹkan bí 100 mítà sí ìsàlẹ̀, níbi tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ti òkè ti pàdé omi tútù. Ẹni tí ohun tó ń lọ níbẹ̀ bá yé ni àríyànjiyàn yòókù máa yé.

Irú adágún wo nìyí?

Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló pín in: Tànsáníà, Kóńgò Kinshasa, Bùrúńdì àti Sáńbíà. Ti Tànsáníà àti ti Kóńgò ló tóbi jù. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 675 kìlómítà, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bí 50 kìlómítà lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Jíjìn rẹ̀ ló yani lẹ́nu: ibi tó jìn jù tó 1,470 mítà. Nínú gbogbo adágún ayé, Baikal ní Rọ́ṣíà nìkan ló jìn jù ú lọ. Tí a bá kó gbogbo omi aláìníyọ̀ tó wà lójú ilẹ̀ ayé jọ, láìka yìnyín, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀ ló wà nínú adágún kan ṣoṣo yìí.

Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà kò ṣeé gbé fún ẹja. Lápá àríwá, ọ́síjìn kì í sábà kọjá nǹkan bí 100 mítà. Lápá gúúsù ó lè dé 200 mítà tàbí kó lé díẹ̀. Lábẹ́ ibẹ̀, kò sí ọ́síjìn rárá. Gáàsì olóró tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ló kún ibẹ̀. Ẹ fojú inú wo ilé alájà mẹ́wàá tó jẹ́ pé àjà òkè pátápátá nìkan ni èèyàn lè mí nínú rẹ̀.

Kí ni plankton, kí ló sì kàn wọ́n pẹ̀lú ẹja?

Plankton ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tó ń léfòó nínú omi, tí omi ń gbé kiri síbi tó bá wù ú. Oríṣi méjì ló ṣe kókó níbí. Èkíní ni plankton ewéko, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ bí ewé ẹ̀gẹ́ ṣe ń ṣe é lóko. Bíi ẹ̀gẹ́ náà, ó nílò ajílẹ̀, pàápàá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti náítírójìn. Ọ̀kan lára wọn, dáyátọ́ọ̀mù, ní ìkarahun tó dà bíi gíláàsì, nítorí náà ó tún nílò sílíkà. Èkejì ni plankton ẹranko, tó ń jẹ ti èkíní. Ní Tanganyika, kópẹ́pọ́ọ̀dù ló ṣe pàtàkì jù nínú wọn: ẹ̀dá tó dà bí edé, àmọ́ tí gígùn rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ.

Ẹja kékeré méjì ló gbójú lé kópẹ́pọ́ọ̀dù yìí: *Stolothrissa tanganicae* àti *Limnothrissa miodon*. Ìbátan ẹja sáwá ni àwọn méjèèjì, inú òkun sì ni baba ńlá wọn ti wá. Stolothrissa kì í sábà gùn ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ̀mí rẹ̀ kì í sì í ju bí ọdún kan àti ààbọ̀ lọ. Dagaa ni wọ́n ń pè wọ́n ní Tànsáníà, ndagala ni wọ́n ń pè wọ́n ní Bùrúńdì, kapenta ni ní Sáńbíà. Wọ́n ń sá wọn gbẹ sórí iyanrìn tàbí sórí pẹpẹ, wọ́n ń dì wọ́n sápò, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí ọjà tó jìnnà sí etí omi. Ẹran tí òtòṣì lè rà nìyẹn ní agbègbè náà, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kọjá ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan. Ẹja ńlá tó ń jẹ dagaa ni *Lates stappersii*, mukeke lẹ́nu àwọn ará Bùrúńdì, ìbátan giwan ruwa tí àwọn apẹja Kainji mọ̀ dáadáa.

Lọ́sàn-án, kópẹ́pọ́ọ̀dù á rì sí ìsàlẹ̀ tó ṣókùnkùn kí ẹja má baà rí i. Tí ilẹ̀ bá ṣú, á gòkè wá jẹun, dagaa á sì tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òru ni wọ́n ń pa dagaa. Wọ́n á tan iná sórí ọkọ̀, tẹ́lẹ̀ àtùpà oníkẹrosíìnì, nísinsìnyí gílóòbù LED. Plankton àti ẹja á kó jọ sábẹ́ ìmọ́lẹ̀, wọ́n á wá fa àwọ̀n sókè láti abẹ́ wọn. Tí òṣùpá bá ń ràn yòò, iná ọkọ̀ kò ní lágbára lójú ẹja mọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ apẹja máa ń sinmi fún bí ọ̀sẹ̀ kan lóṣooṣù.

Ta ló ń gbé ajílẹ̀ wá fún plankton?

Ìmọ́lẹ̀ wà lókè, ajílẹ̀ wà nísàlẹ̀: ìṣòro adágún tó jìn nìyẹn. Plankton tó kú, ìgbẹ́ ẹja, òkú ẹja, gbogbo rẹ̀ ló ń rì. Bí wọ́n ṣe ń rì ni wọ́n ń kó ajílẹ̀ lọ síbi tí oòrùn kò dé. Èyí tí odò Ruzizi, Malagarasi àti àwọn odò yòókù ń gbé wọlé kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti kó jọ sí ìsàlẹ̀. Tí kò bá sí ohun tó rú omi pọ̀, ojú omi á mọ́ gaara, àmọ́ kò ní sí oúnjẹ níbẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ líle ń fẹ́ láti gúúsù ìlà-oòrùn, ó ń gba gígùn adágún náà kọjá. Ó ń ti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ojú adágún lọ sí àríwá, níhà Bujumbura. Bí ti òkè ṣe ń lọ, omi tútù tó kún fún ajílẹ̀ á gòkè rọ́pò rẹ̀ lápá gúúsù, níhà Mpulungu ní Sáńbíà. Plankton ewéko á pọ̀, kópẹ́pọ́ọ̀dù á tẹ̀ lé e, ẹja náà á sì dé.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, omi tó ti kó jọ sí àríwá á padà. Ẹni tó bá ti ru omi nínú ọpọ́n rí mọ bó ṣe máa ń fì síwá sẹ́yìn lẹ́yìn téèyàn bá ti dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ààlà omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti omi tútù ṣe máa ń fì lábẹ́lẹ̀, ojú omi kò sì ní fi hàn. Àlọ àti àbọ̀ ẹyọ kan máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Gbogbo ìgbà tó bá fì, ajílẹ̀ díẹ̀ máa ń ta sókè. Apẹja tó rí ẹja púpọ̀ lọ́sẹ̀ yìí tí kò rí nǹkankan lọ́sẹ̀ kejì lè máà mọ̀ pé ìgbì abẹ́lẹ̀ yìí ló ń bá òun ṣe é.

Kí ni ooru wá ń bàjẹ́ níbẹ̀?

Omi inú dùrọ́ọ̀mù tó wà nínú oòrùn máa ń gbóná lókè, á sì tutù nísàlẹ̀. Omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ, kì í sì í fẹ́ rì. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ṣe pọ̀ tó ni agbára tó máa rú wọn pọ̀ á ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó.

Àwọn kan máa ń béèrè pé kí ni dígírì kan lè ṣe. Ibí ni àṣìṣe tó gbilẹ̀ jù wà. Ojú Tanganyika máa ń wà láàárín nǹkan bí 24°C sí 28°C. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún kò jìnnà sí 23.5°C. Ìwọ̀nba dígírì mélòó kan ló ya òkè àti ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ látilẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀, omi tó ti gbóná kì í hùwà bí omi tútù. Tí a bá gbé 1,000 lítà omi kúrò ní 5°C lọ sí 6°C, nǹkan bí 25 gíráàmù péré ló máa fi fúyẹ́. Tí a bá gbé e kúrò ní 25°C lọ sí 26°C, nǹkan bí 260 gíráàmù ni. Dígírì kan náà ni, iṣẹ́ rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Ooru díẹ̀ tí adágún Yúróòpù lè fara dà ti tó láti sé ilẹ̀kùn mọ́ ajílẹ̀ nínú adágún tiwa nílẹ̀ Áfíríkà.

Tí ilẹ̀kùn yẹn bá sé, dáyátọ́ọ̀mù ló máa ń kọ́kọ́ jìyà. Ìkarahun rẹ̀ wúwo, ó ń yára rì, àyàfi tí omi bá ń rú ló lè dúró nínú ìmọ́lẹ̀. Àwọn ewéko tó kéré jọjọ, tí ìwọ̀n wọn kò ju ti bakitéríà lọ, ló máa ń gba ipò rẹ̀, nítorí ajílẹ̀ díẹ̀ ti tó wọn. Àmọ́ wọ́n ti kéré jù fún kópẹ́pọ́ọ̀dù láti mú. Ẹ̀dá mìíràn ní láti kọ́kọ́ jẹ wọ́n, kí kópẹ́pọ́ọ̀dù tó wá jẹ ẹ̀dá yẹn. Ẹnu kan tó bá sì lé sí i lójú ọ̀nà oúnjẹ máa ń ná nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára tó wà nínú oúnjẹ náà. Omi méjì lè wà tí plankton ewéko inú wọn dọ́gba, síbẹ̀ kí ẹja tí ọ̀kan lè bọ́ má tó ìdajì ti èkejì.

Ọ́síjìn náà ń bá a lọ. Nígbà tí òkè àti ìsàlẹ̀ kò bá pò mọ́, ààlà ibi tí ẹ̀dá ti lè mí á máa sún sókè. Ìgbín omi, akàn àti ẹja tó ń gbé lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ abẹ́ omi á pàdánù ilé wọn láti ìsàlẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sí níbòmíràn lágbàáyé.

Ẹ̀rí wo ló wà fún gbogbo èyí?

Àkọsílẹ̀ ìgbóná omi náà ti pẹ́. Louis Stappers, dókítà ará Bẹ́ljíọ̀mù, ti wọn ìgbóná abẹ́ omi náà ní 1912 sí 1913. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ mukeke ní orúkọ sáyẹ́ǹsì, *Lates stappersii*. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ìwọ̀n ìgbà yẹn wé ti òde òní, wọ́n rí i pé kì í ṣe òkè nìkan ló ti gbóná sí i, ìsàlẹ̀ náà ti gbóná, àmọ́ ti òkè yára jù.

Ní 2003, ikọ̀ méjì ló gbé iṣẹ́ wọn jáde láàárín ọdún kan náà: Catherine O'Reilly ló ṣáájú ọ̀kan, Piet Verburg ló ṣáájú èkejì. Ti O'Reilly ni àwọn èèyàn ń tọ́ka sí jù. Ó ní ó ṣeé ṣe kí oúnjẹ tí plankton ewéko ń pèsè ti fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, èyí tó lè túmọ̀ sí pé ẹja á fi nǹkan bí ìdá 30 dín kù. Ẹ kíyè sí i: ìṣirò láti ara oúnjẹ ni ìdá 30 yẹn. Kò sẹ́ni tó ka ẹja nínú àwọ̀n kó tó dé ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń pín in kiri lórí ayélujára nìyẹn.

Ẹ̀rí kejì wá láti inú ẹrọ̀fọ̀. Wọ́n máa ń ti páìpù gígùn bọ ilẹ̀ abẹ́ omi, wọ́n á fa ẹrọ̀fọ̀ jáde bí ọ̀pá, wọ́n á wá ṣí i ní ìpele-ìpele bí ojú ewé ìwé. Bí ìpele bá ṣe jìn tó ni ọjọ́ rẹ̀ ṣe pẹ́ tó. Ní 2010, Jessica Tierney àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi irú ẹrọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn pé láàárín 1,500 ọdún sẹ́yìn, ojú adágún náà kò gbóná tó bó ṣe gbóná ní ìparí ọ̀rúndún ogún rí. Ní 2016, ikọ̀ Andrew Cohen ka egungun, eyín àti ìpẹ́ ẹja pẹ̀lú ìkarahun ìgbín tó wà nínú ìpele kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù kí ọkọ̀ ìpẹja ńlá tó dé, àti pé láti 1946, ilẹ̀ abẹ́ omi tí ọ́síjìn wà níbẹ̀ ti fi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù ní agbègbè tí wọ́n yẹ̀ wò.

Ṣé èyí wá túmọ̀ sí pé àwọ̀n kò jẹ̀bi?

Rárá o. Àwọn onímọ̀ kan tako ìṣirò 2003 gidigidi. Wọ́n ní iye ẹja tí wọ́n ń kó lápapọ̀ nígbà yẹn kò tíì jábọ́ bí ìṣirò ṣe wí, àti pé ìyípadà tó wà nínú àwọ̀n ṣeé fi ọ̀nà ìpẹja ṣàlàyé. Ìwọ̀n tí wọ́n máa ń tọ́ka sí fún àwọn ọdún 1990 ni nǹkan bí 165,000 sí 200,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Èbúté kéékèèké pọ̀ létí omi náà, ẹja púpọ̀ sì ń lọ sínú ìkòkò láìdé orí òṣùwọ̀n, nítorí náà ìfojúbù ni iye yẹn.

Àwọn ọkọ̀ ìpẹja ńlá tó dé láàárín ọdún 1950 sí 1960 kó àwọn Lates tó tóbi jù tẹ́lẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ dé. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá kò pa owó mọ́, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n so ní méjì-méjì láti máa fa àwọ̀n sókè pọ̀ rẹpẹtẹ. Gílóòbù LED kò wọ́n, nítorí náà ọkọ̀ kan lè tan iná tó pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Àwọ̀n tí wọ́n ń wọ́ gba etíkun ló burú jù ní tèmi, nítorí ibẹ̀ gan-an ni Limnothrissa ń yé ẹyin sí, ibẹ̀ sì ni ọmọ ẹja ti ń dàgbà.

Àríyànjiyàn yìí máa ń dún bí ẹni pé ọ̀kan ní láti borí èkejì. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí nínú omi. Agbo ẹja tí oúnjẹ rẹ̀ ti dín kò lè dí àlàfo tí àwọ̀n dá sílẹ̀ kíákíá mọ́. Iye tí wọ́n ń kó lọ́dún 1960 tí kò pa adágún lára lè pa á lára lónìí, kódà kí àwọ̀n kan má lé sí i.

Omi kún. Kí ló dé tí ẹja kò bá a pọ̀?

Odò kan ṣoṣo ló ń gbé omi jáde níbẹ̀, Lukuga ní Kóńgò, èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà ni oòrùn ń fà lọ. Tí òjò bá pọ̀ fún ọdún mélòó kan léra, omi á gòkè, á sì pẹ́ kó tó fà. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́: ní 1878 omi náà kún títí ó fi já ẹrọ̀fọ̀ tó dí ẹnu Lukuga.

Mítà díẹ̀ lórí 1,470 mítà kò yí oúnjẹ padà. Omi òjò tó wọlé kò gbé ajílẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè. Èyí tó ń gbé wá ni ẹrọ̀fọ̀ láti orí òkè tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ tán, ó sì ń bo àpáta etí omi. Nǹkan bí irú ẹja 250 kan wà tí àwọn olówò ẹja inú gíláàsì ń wá káàkiri ayé. Púpọ̀ nínú wọn ń ha oúnjẹ jẹ lára àpáta yẹn, tí ẹrọ̀fọ̀ bá bò ó, ebi á pa wọ́n. Lódì kejì, koríko tí omi bò mọ́lẹ̀ lè jẹ́ ibi ìsápamọ́ fún ọmọ ẹja fúngbà díẹ̀.

Kí ni títì adágún fún oṣù mẹ́ta lè ṣe?

Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ẹja tí ọjọ́ ayé rẹ̀ kò ju ọdún kan àti ààbọ̀ lọ máa ń yára dí àlàfo. Oṣù mẹ́ta kì í ṣe nǹkan kékeré nínú ayé Stolothrissa. Wọ́n tún ní àkókò tí wọ́n yàn bọ́ sí ìgbà afẹ́fẹ́, nígbà tí oúnjẹ ń gòkè, kí ẹja lè jẹ ẹ́ dàgbà.

Àwọn tó lòdì sí i ní agbo dagaa kì í mọ ààlà orílẹ̀-èdè: tí ibì kan bá tì tí ibòmíràn ṣí, ẹja tí Kigoma ní Tànsáníà dá sí lè bọ́ sínú àwọ̀n ní òdìkejì omi. Wọ́n ní ẹni tó ń sá ẹja gbẹ, ẹni tó ń rù ú, obìnrin tó ń tà á ní ọjà, kò sí èyí tí oṣù mẹ́ta kò ní kàn, kò sì sí ìrànwọ́ tó tó fún wọn. Wọ́n tún ní tí ọkọ̀ gbogbo bá tún já wọ omi lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú iná àti àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ àtijọ́, èrè oṣù mẹ́ta lè tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ohun kan tí ẹgbẹ́ méjèèjì gbà ni pé títì kò lè mú ojú omi tutù.

Láti 2008 ni Àjọ Adágún Tanganyika ti wà fún àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú ibùjókòó ní Bujumbura, lórí àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2003. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ títì papọ̀ ti yẹ kó máa bẹ̀rẹ̀.

Báwo la ṣe lè mọ èyí tó ń pa ẹja jù, ooru ni àbí àwọ̀n?

Ẹ wo ara ẹja fúnra rẹ̀. Tí ẹja inú àwọ̀n bá ń kéré sí i ní gígùn, tí kò sí àgbà láàárín wọn mọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n sanra bó ti yẹ, àwọ̀n ló ń kó àgbà tán. Tí gígùn wọn bá wà bó ṣe wà, tí wọ́n sì rù, oúnjẹ ni kò tó. Ìwọ̀n gígùn àti òṣùwọ̀n ẹja 100 lóṣooṣù létí èbúté kò ná ju rúlà àti òṣùwọ̀n kékeré lọ. Ẹja tí ọkọ̀ kan kó lóru kan ṣe pàtàkì pẹ̀lú, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ iye iná tó tàn àti bí ojú àwọ̀n ṣe fẹ̀ tó sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná tó lé sí i á bo ẹja tó dín mọ́lẹ̀.

Nínú omi, wọ́n ń so ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná mọ́ okùn gígùn ní mítà mélòó mélòó, wọ́n á fi sílẹ̀ fún odidi ọdún kan. Wọ́n tún ń ju àwo funfun tó fẹ̀ tó 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà sínú omi, wọ́n á ka mítà tó dé kó tó pòórá lójú: bó bá tètè pòórá ní àárín adágún, plankton pọ̀; bó bá jẹ́ létí omi lẹ́yìn òjò, ẹrọ̀fọ̀ lè ni. Àwòrán sátẹ́láìtì ń ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, àmọ́ ìwọ̀nba mítà díẹ̀ tó wà lókè nìkan ló ń rí. Kò lè rí ààlà tó wà ní 100 mítà, ibi tí ilẹ̀kùn ajílẹ̀ ti ń ṣí tó ń sé, nítorí náà okùn yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú omi.